Ilẹ̀kùn Tó Kúrò ní Inísà

Lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa pálọ̀ ńlá ni ibojì Olóyè Ọlákúnlé wà fún odidi ọdún mẹ́rin kí Olóyè fúnra rẹ̀ tó ráyè kú. Ọdún 1989 ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ó ní ẹni tó ní irú ilé báyìí kò gbọdọ̀ sùn nínú ihò tí wọ́n fi ìkánjú gbẹ́. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n yí ká, wọ́n da tẹ́rásò funfun sínú rẹ̀, wọ́n fi pákó bo ojú rẹ̀, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e, wọ́n gbé àga aláràbarà lé orí kápẹ́ẹ̀tì. Bí àlejò pàtàkì bá dé, orí àga yẹn gan-an ni Olóyè máa ń fi wọ́n sí. Yóò jẹ́ kí wọ́n mu ọtí wọn dé ìdajì ná, kó tó wá fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀, gbò, gbò.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún? Orí àyà mi lẹ jókòó lé yẹn o."

Àlejò á fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ. Olóyè á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún ìyàwó rẹ̀ náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á máa wọn kápẹ́ẹ̀tì láti etí dé etí. Lọ́jọ́ tí bíríkìlà parí iṣẹ́ ló ti bi ọkọ rẹ̀ pé, "Ó gbà wá méjèèjì, àbí?" Olóyè tó ń wo irùngbọ̀n ara rẹ̀ nínú gíláàsì tábìlì kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Á gbà wá, Rẹ̀mí. Ṣé o ò mọ̀ pé mo fẹ́ràn àyè ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Rẹ̀mílẹ́kún gbé pa mọ́ sínú bí ẹni gbé góòlù pa mọ́. Kò bímọ fún Olóyè. Ó lóyún, oyún wálẹ̀. Ó tún lóyún, ọmọ náà dé, ó wo ayé, ó padà. Ọlásúnkànmí, ọmọ kan ṣoṣo tí Olóyè ní, ìyàwó àkọ́fẹ́ tó ti di olóògbé ló bí i, Èkó ló sì ń gbé. Nígbà tí kò sí ọmọ tí Rẹ̀mílẹ́kún yóò tọ́, ilé ló tọ́. Òun ló ń yan kọ́tìnì, òun ló ń yan ọ̀dà, òun ló mọ fèrèsé tó ń sunkún bí òjò bá ń bọ̀. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí kò bí ẹni tí yóò sin ín, kí ló tún kù tí yóò máa rò bí kò ṣe ibi tí wọn yóò tẹ́ ẹ sí? Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa ni Rẹ̀mílẹ́kún fẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, nínú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Kò tọrọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká sòótọ́, ilé náà tó ohun tí ènìyàn ń fẹ́ kú sí. Ọ̀nà ibùdó rélùwéè ní Ìkìrun ló wà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá Olóyè fi kòkó kọ́, tí Olóyè wá fi afẹ́ parí. Òpó gbàǹgbà-gbàǹgbà wà níwájú rẹ̀ tí kò ru nǹkan kan. Ojú ayé ni wọ́n ń gbé ró. Kìnnìún sìmẹ́ǹtì méjì wà lẹ́nu géètì. Bíríkìlà tó mọ wọ́n kò rí kìnnìún rí, nítorí náà wọ́n jọ ajá tí ọ̀rọ̀ ayé sú. Àga inú pálọ̀ kò bọ́ ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ṣọ́ọ̀bù rí; bí ènìyàn bá jókòó sí i nígbà ooru, yóò máa dún lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Olóyè àti aya rẹ̀ kì í sì í gbé inú gbogbo ọlá yìí. Yàrá kékeré kan lẹ́yìnkùlé, lẹ́bàá ilé ìdáná, ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ti àlejò ni.

Ṣùgbọ́n ohun tí ojú àlejò kọ́kọ́ ń bà ni ilẹ̀kùn. Ìrókò ni, abala méjì, wọ́n gbẹ́ ẹlẹ́ṣin sí i lára, wọ́n gbẹ́ obìnrin tó pọn ọmọ, wọ́n gbẹ́ ejò tó ká mọ́ àkèré. Gómìnà ológun kan tiẹ̀ fọwọ́ kan ejò náà lọ́jọ́ tí wọ́n fi Olóyè joyè, ó béèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Olóyè ní, "Ohun àjogúnbá ni."

Irọ́ kọ́. Kò kàn sọ ẹni tó jogún ún ni. Inísà ni ilẹ̀kùn náà ti wá, nílé bàbá Rẹ̀mílẹ́kún. Lọ́dún 1987, nígbà tí oyè ku díẹ̀, tọkọtaya wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀, Olóyè rí ewúrẹ́ tó ń fi ara nu ẹlẹ́ṣin, ó sì kígbe bí ẹni pé òun ni wọ́n fi ara nù. Rẹ̀mílẹ́kún gan-an ló bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ síbi tí ojú á ti máa rí i," ló wí.

Bàbá Adéjàre, àbúrò bàbá rẹ̀, tó jẹ́ baálé agboolé náà, fi ara ti ọ̀pá rẹ̀. "Rẹ̀mí, ilé tí kò nílẹ̀kùn, kí la ó máa pè é?"

"Bàbá, n ó rọ tuntun fún yín. Ti páànù, á máa dán yinrin-yinrin."

Wọ́n yọ ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n sì ti mú irinṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n yọ gíláàsì aláwọ̀ mèremère tó wà lójú fèrèsé náà. Ilẹ̀kùn páànù dé lóòótọ́. Atẹ́gùn àkọ́rọ̀ òjò ṣí i, ó gbé e lọ sí oko olóko, olóko fi ṣe òrùlé ahéré.

Ìgbà òjò 1993 ni Olóyè kú, lórí bẹ́ẹ̀dì kékeré ẹ̀yìnkùlé, ó ń sọ irú ọkọ̀ tí gómìnà yóò gbé wá síbi òkú òun. Gómìnà kò wá. Pósí ló wá láti Ìbàdàn, èyí tí Olóyè ti ní kí wọ́n kàn sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni: idẹ lọ́tùn-ún, idẹ lósì, ọwọ́ ìdìmú tó yọ gọngọ bí ìwo àgbò. Wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ṣí pákó, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ó há. Wọ́n ní láti fi ẹsẹ̀ tì í kó tó wọlé. Olóyè fẹ́ràn àyè lóòótọ́: ìka ọwọ́ kan kò lè kọjá láàárín pósí àti ògiri. Rẹ̀mílẹ́kún dúró létí ihò, ó ń wò ó, àwọn ènìyàn sì dì í mú, wọ́n rò pé ó fẹ́ kó sí i. Àṣìṣe kọ́. Ó ń wá ibi tí yóò kó sí ni.

Wọ́n da kọnkéré lé e lórí lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí wọ́n ṣe ogójì ọjọ́ tán, ẹbí pè é sí pálọ̀. Bàbá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, olórí ẹbí, ọkùnrin tí kò léyín lẹ́nu ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń bu ènìyàn jẹ, ló sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó wa, o ṣeun. O tọ́jú ọmọ wa. A ò lé ọ o. Níwọ̀n ìgbà tí o bá ń mí, yàrá rẹ lẹ́yìnkùlé, tìrẹ ni."

"Tí mi ò bá mí mọ́ ńkọ́, Bàbá?"

Ọkùnrin náà wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ìyá tó bímọ, ọmọ rẹ̀ lè ní ibí ni òun ó tẹ́ ìyá òun sí. Ẹlòmíràn, ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Bí a ṣe ń ṣe é nínú ẹbí yìí nìyẹn. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Olóyè ní ibí yìí gbà wá méjèèjì."

"Hẹn," ni Bàbá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé wí, "Olóyè sọ ọ̀pọ̀ nǹkan."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Òótọ́ náà ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ogójì ọdún ó dín díẹ̀ tí Rẹ̀mílẹ́kún fi nu ilé yìí, "ìyàwó" náà ló ṣì ń jẹ́ níbẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gbé dé lánàá.

Ó rántí Òkukù. Ṣé òun náà kò nílé ni? Lọ́dún 1988, Olóyè kọ́ ilé ìsinmi kan sí ẹ̀bá títì ní Òkukù, ó sì fi orúkọ rẹ̀ pè é: Rẹ̀mí Lọ́ọ̀jì, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà sí iwájú. Ọjọ́ ìṣílé, àwọn ọlọ́lá jókòó síwájú rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì wa ọkọ̀ padà sí Ìkìrun lọ jẹun. Fọ́tò náà wọ kàlẹ́ńdà, kàlẹ́ńdà náà wọ gbogbo ilé olówó títí dé Òṣogbo. Kò sẹ́ni tó wọ inú ilé lọ́jọ́ náà. Olóyè ní ọ̀dà kò tíì gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, bí Rẹ̀mílẹ́kún bá béèrè, á ní, "Bíríkìlà wà lórí ẹ̀." Bí wọ́n bá ń kọjá lọ sí Ọ̀fà, á rọra tẹ ọkọ̀, kí aya rẹ̀ lè ka orúkọ ara rẹ̀.

Ọkọ̀ Pijó Olóyè ti dákẹ́ báyìí. Rẹ̀mílẹ́kún wọ bọ́ọ̀sì kékeré, ó fi gèlè tó dára jù wé orí kí wọ́n má baà rò pé nǹkan ti yí padà, adìyẹ ẹnìkan sì yàgbẹ́ sí i létí aṣọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ níwájú Rẹ̀mí Lọ́ọ̀jì. Ọ̀dà ti ń bó, ṣùgbọ́n iwájú ilé náà ṣì rẹwà. Ó ti ilẹ̀kùn, ó wọlé.

Ojú ọ̀run ló rí.

Kò sí òrùlé. Kò sí yàrá. Ògiri iwájú nìkan ló wà, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù ró o lẹ́yìn bí ìgbà tí ènìyàn fi igi ró ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó so. Lẹ́yìn ògiri, ebè ẹ̀gẹ́ lọ bẹẹrẹ. Obìnrin kan tó ń roko dìde, ó nu ọwọ́. Ẹ̀bùn lorúkọ rẹ̀, ìyàwó olùkọ́ kan ládùúgbò náà.

"Ẹ káàsán o, Màmá," ló wí, tó kúnlẹ̀ dáadáa. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ògiri yìí?"

Rẹ̀mílẹ́kún fi ọwọ́ tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Èmi ni."

"Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ó ń bá wa dí eruku títì. Ẹ má bínú nípa ẹ̀gẹ́ o, àwọn onílẹ̀ ló fún wa. Wọ́n ní Olóyè kan ló tọrọ ojú títì nìkan lọ́wọ́ àwọn."

Ó wọ bọ́ọ̀sì padà. Inísà ló sọ̀ kalẹ̀ sí, nítorí pé ọ̀nà ni, àti nítorí pé kò tún sí ibòmíràn.

Àtọ́kẹ́, ìyàwó agboolé náà kan tó ń gé iṣu gbodo lójúde, ló kọ́kọ́ rí i. "Háà! Ọkọ mi! Ẹ kú ìrìn o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ọlọ́dún gbọọrọ! Ṣé fèrèsé ló kù tí ẹ gbàgbé ni ẹ padà wá mú?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ìkìrun, ìyàwó ni. Níhìn-ín, àwọn ìyàwó ilé ń pè é ní ọkọ. Ó dùn mọ́ ọn, ó sì dùn ún.

Bàbá Adéjàre mú un lọ síwájú ilé bàbá rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu bí ẹnu òkú tí wọn kò pa dé. Òjò gba ibẹ̀ wọlé, atẹ́gùn gba ibẹ̀ wọlé, ó gbé páànù òrùlé láti inú. Ògiri amọ̀ ti rún débi ejìká. Nínú yàrá ọ̀tún, níbi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí, ewé imí-eṣú ti bo ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ fún mi láyè kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá mi."

"Àyè? Ta ni yóò fi àyè dù ọ́, Rẹ̀mí? Ilé bàbá rẹ ni." Ọkùnrin arúgbó náà fi ọ̀pá tọ́ka. "Ṣùgbọ́n a kì í sin òkú sí ahoro. Ìgbẹ́ là ń sin òkú burúkú sí. Gbé ilẹ̀kùn yẹn padà wá. Bí ilẹ̀kùn bá ti dúró, a ó na igi lé e, a ó bo orí rẹ̀. A ó lè wí pé ilé la sin ọ́ sí."

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Rẹ̀mílẹ́kún fi ń to ọ̀rọ̀ tí yóò bá Ọlásúnkànmí sọ. Ó mọ̀ pé yóò jà. Ó ti múra ìkúnlẹ̀, ó ti múra omijé, ó ti múra èpè pàápàá, ó fi èpè sí ìkẹyìn. Ọmọkùnrin náà ti Èkó dé ní ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n lọ̀ kiripá, ó ń fi ọwọ́ wọn ara ògiri pálọ̀.

"Ọlásúnkànmí, ọkọ mi, ilẹ̀kùn yẹn..."

"Ilẹ̀kùn wo, Màmá? Èyí?" Ó bojú wẹ̀yìn. "Ẹ fẹ́ ẹ? Ẹ gbé e! Ẹ ṣe mí lóore. Mo ti ní kí wọ́n rọ ti irin fún mi. Pásítọ̀ wa wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọn ò tiẹ̀ fẹ́ gba àárín ejò yẹn kọjá. Ẹnu ọ̀nà ìdáná ni wọ́n gbà wọlé." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ dáadáa ni. "Mo máa bá yín wá lọ́rì."

Rẹ̀mílẹ́kún dúpẹ́. Gbogbo èpè tó ti tò sílẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò rí ibi kó wọn sí. Nítorí ilẹ̀kùn yìí ló ṣe sọ ilé bàbá rẹ̀ di ahoro; ó wá jẹ́ pé ẹni tó jogún rẹ̀ báyìí kò tilẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1994 ni lọ́rì gbé ilẹ̀kùn wọ Inísà. Àwọn ọmọ ilé tó wá sọ ọ́ kalẹ̀ ń kùn bí ẹni tó gbé màlúù. Dúpẹ́olúwa káfíńtà fi àtàǹpàkò tẹ ògiri, ògiri já sí i lọ́wọ́ bí àkàrà àná.

"Bàbá, èyí ò lè gbé e o."

"Gbé e síbẹ̀," ni Bàbá Adéjàre wí. "Òun ló gbé e kí wọ́n tó bí ọ."

Wọ́n gbé e dúró. Wọ́n kan ìṣó. Káfíńtà yọ ọwọ́, àwọn tó kù náà yọ ọwọ́.

Ó dúró. Oòrùn ìyálẹ̀ta bọ́ sí ojú ẹlẹ́ṣin, ó bọ́ sí obìnrin tó pọn ọmọ. Rẹ̀mílẹ́kún rí ilé bàbá rẹ̀ bó ṣe wà nígbà tí òun kò ga ju ẹsẹ̀ ẹṣin yẹn lọ. Àtọ́kẹ́ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ọkọ mi, ilé yín rèé!"

Ìgbà náà ni ògiri tẹ̀. Kò yára. Ó rọra tẹ̀ bí arúgbó tó fẹ́ kí ọba, ó gbé ilẹ̀kùn dání, ó sì dojú dé sínú yàrá ọ̀tún. Ògiri kejì tó fi ara tì í tẹ̀ lé e. Erùpẹ̀ gba ojú gbogbo ènìyàn. Nígbà tó lọ tán, kò sí ilé mọ́, àfi òkìtì pupa kan. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ilẹ̀kùn pàápàá kò fara pa, ìrókò ni.

Bàbá Adéjàre rìn yí òkìtì náà ká. Ó ń fi ọ̀pá gún un níbí, ó ń gún un lọ́hùn-ún.

"Rẹ̀mí, bàbá rẹ wà lábẹ́ ibí yìí. N kò mọ apá ibi tó wà mọ́."

"Bàbá, èmi ńkọ́?"

"Ilẹ̀ òkú ti ìjọ ń bẹ lẹ́yìn ilé ìwé," ló wí, ó sì yí ojú sápá kan.

Rẹ̀mílẹ́kún mọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni Olóyè máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n bá wa ọkọ̀ kọjá: "Gáréèjì àwọn tí kò rí ọkọ̀ wọ délé." Rẹ̀mílẹ́kún gan-an ló máa ń fẹ̀yìn ti àga ọkọ̀ rẹ́rìn-ín jù.

Kò padà sí Ìkìrun. Àtọ́kẹ́ fún un ní ẹní kan nínú yàrá tirẹ̀, ó ní kó sinmi ná, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ wá dára. Òkìtì wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, Àtọ́kẹ́ gbé gbodo jáde, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo Rẹ̀mílẹ́kún.

"Ọkọ mi, ẹ má bínú. Ibi tó tẹ́jú ni mo ń wá."

"Ojú rẹ̀ kò tẹ́jú, Àtọ́kẹ́. Ère ló kún un."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú."

Wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ẹlẹ́ṣin jẹ iyanrìn, ejò jẹ iyanrìn. Àtọ́kẹ́ sá gbodo sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó gbẹ dáadáa, gbogbo àdúgbò ló ń yìn ín. Rẹ̀mílẹ́kún ló ń bá a lé adìyẹ. Ó ní igi gígùn kan lọ́wọ́, ó ń jókòó sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn láti àárọ̀, ẹni tó bá sì ń kọjá á ní, "Ẹ kú ìsinmi, Màmá."

Òjò àkọ́rọ̀ dé ní ọ̀sán kan láìsọ tẹ́lẹ̀. Gbogbo agboolé tú jáde. Wọ́n fi igbá kó, wọ́n fi ìró kó, wọ́n ń pe ara wọn lórúkọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kí wọ́n tó ṣẹ́jú, gbodo ti wọlé tán. Kò sẹ́ni tó rántí ilẹ̀kùn. Rẹ̀mílẹ́kún ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ gbé e, ilẹ̀kùn kò mira. Ó tún gbìyànjú. Lẹ́yìn náà ó jókòó lé e.

"Ọkọ mi!" Àtọ́kẹ́ ń pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Òjò ti dé! Ẹ wọlé!"

Rẹ̀mílẹ́kún wo òkìtì pupa tí òjò ti ń fọ̀ wálẹ̀ bọ̀ níbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ọ̀nà tó lọ sí ẹ̀yìn ilé ìwé. Ó tú gèlè rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí pákó, ó sì rọra fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó na ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn náà gbà á dáadáa, àyè sì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹlòmíràn ì bá fi sùn.